Ẹ́ńjìnnì Kan Tàbí Méjì Lábẹ́ Síkéètìbọ́ọ̀dù Oníná

Síkéètìbọ́ọ̀dù oníná ni pákó gbọọrọ onítáyà mẹ́rin tí ènìyàn máa ń dúró lé lórí, tí bátìrì àti ẹ́ńjìnnì iná sì ń gbé lọ dípò kí ẹsẹ̀ máa tì í. Ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ dojú kọ ẹni tí ó fẹ́ rà á, tàbí tí ó fẹ́ tò ó fúnra rẹ̀, ni bóyá ẹ́ńjìnnì kan tó tàbí méjì ni ó yẹ. Ọ̀pọ̀ gbà pé torí eré ni wọ́n ṣe ń fi ẹ́ńjìnnì kejì sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè, ooru àti irú ilẹ̀ tí táyà ń tẹ̀ ni ó ń pinnu rẹ̀, ìdí sì nìyí tí ìdáhùn tí ó bá Èkó mu fi lè máà bá Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí mu.

Inú ẹ́ńjìnnì iná ni wáyà bàbà tí wọ́n wé mọ́ irin wà, òòfà sì yí i ká. Bí iná bá ti ń gba inú wáyà kọjá, wáyà náà yóò di òòfà fún ìgbà díẹ̀, yóò sì máa ti àwọn òòfà tí ó yí i ká títí ẹ́ńjìnnì yóò fi máa pòyì. Ohun méjì ni ó ń sọ bí ó ṣe lè yára pòyì tó: bí wọ́n ṣe wé wáyà rẹ̀, àti fóltì, ìyẹn ipá tí bátìrì fi ń ti iná jáde. Bí a bá mú ẹ́ńjìnnì tí ó ń pòyì nígbà 190 ní ìṣẹ́jú kan fún fóltì kọ̀ọ̀kan, tí a so ó mọ́ bátìrì oní-fóltì 36, yóò pòyì nígbà 6,840 bí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀. Jíà eléyín 15 tí bẹ́líìtì so mọ́ eléyín 36 yóò dín in kù sí 2,850 lára táyà, táyà tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 9 sì ń lọ bíi sẹ̀ǹtímítà 28 ní ìyíká kan, nítorí náà eré rẹ̀ yóò tó nǹkan bíi kìlómítà 48 ní wákàtí kan. Bí a bá fi ẹ́ńjìnnì kejì tí ó jọ ọ́ sí táyà kejì, kò sí ohun tí ó yí padà nínú ìṣirò yìí.

Ilé-iṣẹ́ Boosted ti Amẹ́ríkà, tí ó kógbá sílé ní 2020, ta oríṣi mẹ́ta nígbà kan: ẹlẹ́ńjìnnì kan oní-wáàtì 1,000, ẹlẹ́ńjìnnì méjì oní-1,500 àti ẹlẹ́ńjìnnì méjì oní-2,000. Eré tí wọ́n kéde fún wọn jẹ́ máìlì 18, 20 àti 22 ní wákàtí kan, ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n òkè tí wọ́n lè gùn jẹ́ èyí tí ó ga ní mítà 15, 20 àti 25 fún ìrìn mítà 100.

Ẹni tí ó wúwo tó kìlógíráàmù 75, tí ó dúró lórí pákó oní-kìlógíráàmù 10, tí ọ̀nà sì ń ga ní mítà kan fún mítà mẹ́wàá, ni òkè yóò máa fà sẹ́yìn bí ẹni pé ó so ẹrù kìlógíráàmù mẹ́jọ àti ààbọ̀ mọ́ ìdí. Bí ó bá fẹ́ gùn ún ní kìlómítà 20 ní wákàtí kan, òkè nìkan yóò gba bíi wáàtì 460, láìka afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀. Bí ìṣàn iná inú wáyà bá ṣe ń pọ̀ ni ipá ẹ́ńjìnnì ń pọ̀, ṣùgbọ́n ooru kì í bá a rìn ní ẹsẹ̀ kan náà: bí ìṣàn iná bá di ìlọ́po méjì, ooru yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì méjì bá pín iṣẹ́ tí ọ̀kan ì bá dá ṣe, ìdajì ìṣàn iná ni yóò gba inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ooru inú ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì já sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Àròpọ̀ ti àwọn méjèèjì kò ju ìdajì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èrè ẹ́ńjìnnì kejì gan-an nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré ni àwọn olùtajà fẹ́ràn láti máa sọ. Ẹni tí kọ́ìlì fáànù rẹ̀ bá ti jó rí yóò mọ ibi tí ooru ń bá ọ̀rọ̀ dé. Òòfà pàápàá ní ìwọ̀n tirẹ̀: irú èyí tí wọ́n fi neodymium ṣe, tí ó sì wọ́pọ̀ jù, lè bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù agbára bí ooru rẹ̀ bá kọjá 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn ní Òkè-Ògùn, agbègbè tí Ìsẹ́yìn àti Ṣakí wà, sì lè kọjá 35 kí ẹ́ńjìnnì tó ṣe iṣẹ́ kankan.

Ilẹ̀ ni ó wá mú ọ̀rọ̀ le sí i. Títì ọlọ́dà bí èyí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún ṣe láti Mọ́níyà dé Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, gba táyà rọ́bà kékeré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń sáré lórí rẹ̀ kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí ènìyàn gbé pákó lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá yà kúrò lórí títì, yangí, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni a ó bá pàdé, táyà sẹ̀ǹtímítà 9 yóò sì fi orí sọ òkúta kan ṣoṣo, yóò dúró gbọn-in, ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ yóò sì máa lọ. Táyà oníafẹ́fẹ́ tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 18 ni ó lè ré e kọjá. Ṣùgbọ́n bí táyà bá ti fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po méjì ipá ni ó gbọ́dọ̀ yí i kí pákó tó lè gba ìtì kan náà, àfi bí wọ́n bá pààrọ̀ jíà, kí eré sì dínkù. Ẹni tí ó bá ti yan táyà oníafẹ́fẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan ẹ́ńjìnnì méjì láìmọ̀.

Pákó ẹlẹ́ńjìnnì kan máa ń fi gbogbo agbára rẹ̀ sára ọ̀kan nínú táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Lórí yanrìn, táyà yẹn lè máa pòyì lójú kan kí èkejì máa wò ó. Bíréèkì ni ó tún burú jù, nítorí ẹ́ńjìnnì náà ni bíréèkì: kọntirólà, ìyẹn àpótí kékeré tí ó ń darí iná, yóò sọ ẹ́ńjìnnì di dáínámò, iná yóò máa padà sínú bátìrì, pákó yóò sì máa rọra dúró. Bí táyà kan ṣoṣo bá ń dá bíréèkì mú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ oníyangí, kò pẹ́ tí yóò fi yọ̀. Bí bẹ́líìtì rẹ̀ bá sì já, kò sí bíréèkì mọ́ rárá. Ẹlẹ́ńjìnnì méjì ṣì ní ẹyọ kan tí yóò mú un dúró.

Ẹ́ńjìnnì kan kò ṣàì ní iyì tirẹ̀. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kéré, ibi tí eruku ọyẹ́ ti lè ráyè wọlé kò sì pọ̀. Àwọn ọ̀kadà oníná tí ilé-iṣẹ́ Spiro kó wọ Benin àti Togo ń fi ẹ́ńjìnnì kan ṣiṣẹ́ wọn, nítorí táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ó sì tóbi. Ẹni tí kò wúwo, tí kò sì ní gun pákó kọjá títì ọlọ́dà pẹrẹsẹ inú ọgbà ilé-ìwé, kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ́ńjìnnì méjì kò sì lè rí gbà ju ohun tí bátìrì ní láti fún wọn: bátìrì oní-fóltì 36 tí kò lè tú ju áḿpù 30 (ìyẹn òṣùwọ̀n ìṣàn iná) jáde kò ní fún wọn ní ju wáàtì 1,080 lọ. Fún ọ̀nà Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì méjì ni ó yẹ, ṣùgbọ́n kí olùrà bi olùtajà léèrè iye áḿpù tí bátìrì lè tú jáde kí ó tó ka owó sílẹ̀.