Ẹ̀yin Asáré Ọ̀nà Jíjìn, Ẹ Fún Ẹsẹ̀ Yín Lágbára

Láti ọwọ́ Nọ́ọ̀sì Dìsìpẹ́ńsárì kan ní Ìsẹ́yìn

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kan àwọn tí ń sáré ọ̀nà jíjìn, ó sì kan àwọn òbí, ọkọ àti aya wọn nílé. Láti 2016 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré ìje kìlómítà 42 ní Èkó, èyí tí a ń pè ní máratọ́ọ̀nù, ni eré sísá ti wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Ní Ìsẹ́yìn níhìn-ín pẹ̀lú, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ẹ ó rí àwọn tí ń sáré lọ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ àti lójú ọ̀nà Òkèhò. Àwọn agùnbánirọ̀ pàápàá ń sáré nínú àgọ́ wọn.

Ohun rere ni èyí. Eré sísá dára fún ọkàn, ó dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń mú oorun dùn. Ṣùgbọ́n ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn asáré wa, eré nìkan ni wọ́n ń sá. Wọn kò ṣe ohunkóhun láti mú ẹsẹ̀ tí ń sá eré náà le.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí ènìyàn bá ń rìn, ẹsẹ̀ kan a máa wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. Nígbà tí ó bá ń sáré, ẹsẹ̀ méjèèjì a kúrò nílẹ̀, gbogbo ara a sì balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹrù tí ń bọ́ lé ẹsẹ̀ náà nígbà yẹn tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwúwo ara. Bí ẹ bá wọn kílógírámù 60, ẹsẹ̀ kan yóò gba nǹkan bí 120 sí 180. Nínú kìlómítà 42, ìgbésẹ̀ tí a ó gbé kò ní dín ní 30,000. Bí ẹran itan, ti ìdí àti ti ẹ̀yìn ojúgun bá le, àwọn ni yóò gba ẹrù náà. Bí ó bá tètè rẹ̀ wọ́n, orúnkún, ojúgun àti iṣan gìgísẹ̀ ni ìyà yóò jẹ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi ní dìsìpẹ́ńsárì, ó ń tiro. Ó ń múra sílẹ̀ fún eré Èkó, ó sì ti ń lo oògùn ara ríro láràárọ̀ kí ó tó jáde. Ó ní, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣáà gún mi lábẹ́rẹ́ tí yóò pa ìrora yìí. Eré ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Mo fi ìka tẹ ojúgun rẹ̀ níbì kan péré, ó sì lọgun. N kò gún un lábẹ́rẹ́. Dókítà ni mo kọ ìwé sí. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò egungun náà, ó ti sán. Kò lè sá eré ọdún náà. Nígbà tí egungun náà jinná, ó fi oṣù mẹ́rin mú ẹsẹ̀ rẹ̀ le kí ó tó padà sí eré gígùn. Ní ọdún kejì, ó sá a dé òpin.

Àwọn mìíràn a máa bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, bí mo bá ń gbé ohun wíwúwo, ǹjẹ́ n kò ní tóbi bí oníjàkadì, kí eré mi wá falẹ̀?" Rárá o. Ẹni tí ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí ó sì ń sáré rẹ̀ lọ, kì í sanra lórí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti wọn èémí àwọn asáré, wọ́n sì rí i pé lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń lò láti sá ìwọ̀n eré kan náà dín kù díẹ̀. Ó dà bí ọkọ̀ tí a tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe: epo tí ó ń jẹ dín kù, kò sì falẹ̀ lọ́nà.

Ẹ rántí Abebe Bikila, ọmọ ilẹ̀ Ẹtiópíà. Ó gba ipò kìn-ín-ní ní Róòmù ní 1960 láìwọ bàtà. Ní Tokyo ní 1964, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó tún gbà á. Bí ó ti dé òpin eré, kàkà kí ó ṣubú lulẹ̀, orí koríko ni ó lọ, ó sì ń ṣe eré ìdárayá lójú gbogbo ayé. Eliud Kipchoge ti Kẹ́ńyà náà, tí ó sá kìlómítà 42 láàárín wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 ní Vienna ní 2019, kì í fi eré ìfúnralágbára ṣeré.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ lè ní oko ríro ti tó. Oko ń mú apá àti ẹ̀yìn le ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kì í sábà kọ́ ẹsẹ̀ kan láti gba gbogbo ara. Ẹ̀yin ahunṣọ tí ẹ ń jókòó nídìí òfì láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tiyín tilẹ̀ ju ti àgbẹ̀ lọ. Bí ènìyàn bá ti kọjá ọgbọ̀n ọdún, ẹran ara rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi gba gbogbo àgbàlagbà nímọ̀ràn ní 2020 pé kí wọ́n ṣe ohun tí ń mú ẹran ara le, ó kéré tán, ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀.

Kò ná yín lówó. Ẹ ṣe é báyìí, bóyá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì:

Èkíní: Ẹ jókòó sórí àpótí, ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí ẹ dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan. Ẹ ṣe é ní 10.

Èkejì: Ẹ di ògiri mú, ẹ gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè jẹ́jẹ́, ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ní 12. Bí ó bá rọrùn, ẹ lo ẹsẹ̀ kan.

Ẹ̀kẹta: Ẹ máa gun búlọ́ọ̀kù tí kì í mì, kí ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀, ní 10 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, ẹ ká orúnkún sókè, kí ẹ gbé ìdí kúrò nílẹ̀, ní 12.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ dojú bolẹ̀, kí ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan gbé ara dúró gbọnrangandan fún ìṣẹ́jú àáyá 20.

Ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí kò bá nira mọ́, ẹ rọ yanrìn sínú kégì kékeré, kí ẹ gbé e mọ́ àyà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Ẹ má ṣe é ní ọjọ́ méjì tẹ̀léra, ẹ má sì ṣe é ní ọ̀la tí ẹ ó sáré gígùn. Ẹ máa mí dáadáa. Ẹ má ṣe sé èémí mọ́nú. Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, tàbí wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà lọ́jà wa, nítorí ohun wọ̀nyí ni ń kọ́ ẹran ara.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe lo oògùn ìrora láti fi sáré. Nínú oòrùn, tí omi ti gbẹ lára, irú oògùn bíi ibuprofen àti diclofenac lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, àti aboyún, kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Bí egungun bá ń dùn yín níbì kan péré, tí ó ń dùn lóru pàápàá, ẹ dúró, ẹ lọ fi hàn ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Eré mìíràn ń bọ̀ lọ́dún tí ń bọ̀; ẹsẹ̀ kò ní ìpààrọ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ara yóò le o.