Orí Tó Fọ́ Nínú Iná ní Ìlúpéjú

Mo ti ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ ẹbọ la óò sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ẹbọ náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibòmíràn ni mo máa gbé e gbà. Orí kan fọ́ lẹ́yìnkùlé mi ní Ìlúpéjú, ó sì ti ń dà mí lọ́kàn rú láti ìgbà náà.

Orí amọ̀ ni o. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Àwọn tó mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé iṣẹ́ ọnà ni mo fi ń jẹun. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama máa ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, nínú àgbàlá kan tí kò jìnnà sí Coker Road, níbi tí ariwo ẹ̀rọ àwọn atẹ̀wé kì í jẹ́ ká gbọ́ra wa. Àwọn kan ń múra WAEC, àwọn kan fẹ́ wọ Yaba Tech. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé ètò àwọn ará Amẹ́ríkà ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé, èyí tí wọ́n ń pè ní AP 3-D Art and Design, tí College Board ń ṣe. Kò sí pé wọ́n ń jókòó kọ ìdánwò níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ni wọ́n máa ya ní fọ́tò, tí wọ́n á sì fi ránṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún. Fọ́tò 15 gbọ́dọ̀ fi hàn bó ṣe tọpa ìbéèrè kan láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ohun tó dánwò àti ohun tó tún ṣe. Fọ́tò 10 mìíràn jẹ́ ti iṣẹ́ márùn-ún tó dára jù, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọ̀nà méjì. Apá ti ìbéèrè yẹn nìkan kó 60 nínú 100.

Ìbéèrè ni ó máa ń dà wọ́n láàmú jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ á kàn sọ fún mi pé àwọn fẹ́ ṣe nǹkan nípa “àṣà wa”. Mo máa ń bi wọ́n pé, àṣà wo? Wọn á wo ilẹ̀. Ọmọ yìí ò wo ilẹ̀. Ó ti rí àwòrán agere Ifá nínú ìwé mi, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, obìnrin tó kúnlẹ̀ tó sì ru igbá tí ikin mẹ́rìndínlógún ń gbé. Ó ní, “Bàbá, ní gbogbo àárọ̀ ni mò ń rí àwọn ìyá tó ń ru búrẹ́dì kọjá ní Ìlúpéjú Bypass. Kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ nínú wọn. Kí ló dé tí èyí inú ìwé fi kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí?”

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fọwọ́ kan agere, n kò bi ara mi ní ìbéèrè yẹn rí.

Awo àgbà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi gbọ́ ọ, ó ní obìnrin kì í gbẹ́gi lére. N kò bá a jiyàn lórí bí nǹkan ṣe rí láyé àtijọ́. Láti ọwọ́ bàbá sí ọwọ́ ọmọ ni iṣẹ́ yìí ń bọ́ sí. Arẹ́ògún ní Òsì-Ìlọrin kọ́ Bándélé ọmọ rẹ̀, Bándélé ló wá kọ́ Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún níṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ṣùgbọ́n igi nìyẹn o. Ta ló ni amọ̀? Àwọn ìyá wa ni. Ẹ béèrè ilé àwọn amọ̀kòkò ní Dada, ní Ìlọrin. Ẹ béèrè Àbátàn ní Òkè-Ọ̀dàn, nílẹ̀ Yewa, ìyá tó ń mọ awo ọta Ẹyinlẹ̀, tó ń mọ ère obìnrin sórí ọmọrí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Farris Thompson ti Yale wá a lọ débẹ̀, ó sì kọ̀wé nípa iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, mo ní kí ọmọ náà fi igi sílẹ̀, kó bọ́ sídìí amọ̀.

Ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ́gilére ni mo ṣì fi kọ́ ọ. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n ń tẹ̀ lé: ọnà líle, àlétúnlé, dídán, fínfín. Wọ́n á kọ́kọ́ fi àáké lé odidi ara ère náà jáde, wọ́n á tún un lé kí apá àti ẹsẹ̀ lè yọ, wọ́n á dán an, ìgbà yẹn ni ọ̀bẹ tó máa fín ojú àti irun. Fínfín ni gbogbo ọmọ máa ń fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bí o bá fún wọn ní amọ̀, ìpéǹpéjú ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣe sórí ohun tí kò tíì ní ọrùn. Mo gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ yìí (ìdí igi ìgbálẹ̀ ló fi ń fín irun), mo sì ní n kò ní dá a padà títí ère náà yóò fi lè dá dúró lórí eékún ara rẹ̀. Ó tó oṣù kan gbáko kó tó rí i gbà.

Orí ère náà tóbi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àgbọn tí wọn kò tíì bó. Ó yàtọ̀ sí ara, torí ó fẹ́ kí àwọn èèyàn lè gbé orí náà kúrò, kí wọ́n sì tún gbé e padà. Òjò àkọ́rọ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo sì ń kánjú. Mo fọwọ́ tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gbẹ. Mo fọwọ́ tẹ àtàrí, ó gbẹ. A gbé e sínú àgbá irin, a da lẹ́búlẹ́bú igi bò ó, a dáná sí i. Kò pẹ́ rárá tí a gbọ́ “gbàà!”, tí èéfín sì ṣẹ́ gọ̀rọ̀gọ̀rọ̀ sókè. Nígbà tí iná kú, a kó èéfọ́ mọ́kànlélógójì. Ọmọ náà ló kà á. Kò sunkún. Ó kàn ń kà á.

Ìyá rẹ̀ ti dé láti mú un lọ sílé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Mo ti sọ ọ́. Ọlọ́run ò fẹ́ òrìṣà yẹn.” Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n sì lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi awo àgbà pè mí lórí fóònù. Nígbà tí mo ròyìn fún un, ó ní, “Ṣé ẹ rúbọ kí ẹ tó dáná?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú bí mi sí àwọn méjèèjì. Mo mọ ohun tó fọ́ orí náà. Èmi ni. N kò jẹ́ kí ọmọ náà gbẹ́ inú rẹ̀ síta. Ojú ló gbẹ, omi ṣì wà ní ìsàlẹ̀ ikùn amọ̀, iná kàn án, omi di ooru, ooru ò rí ọ̀nà jáde. Àwọn àgbà Ifẹ̀ mọ èyí tipẹ́. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, inú wọn ṣófo, ọ̀pọ̀ orí amọ̀ Ifẹ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀.

Níbi tí mo ti ń bínú ni ìtàn Àjàlá ti sọ sí mi lọ́kàn. Inú Ògúndá Méjì ló wà, ẹ ti gbọ́ ọ rí. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ láyé, wọ́n fẹ́ lọ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀. Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún àti Orílèémèrè ọmọ Ìja kò bá Àjàlá nílé, wọ́n kàn he orí tí ojú wọn rí. Òjò pa orí náà lọ́nà, ó ń yìnrìn, ó ń jẹ, nígbà tí wọ́n fi máa dé ayé, ó ti tán. Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà dá Ifá kó tó gbéra, wọ́n ní kó rú owó àti iyọ̀. Iyọ̀ yẹn ló fi ran oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀ lọ́wọ́, onítọ̀hún sì mú un lọ sílé Àjàlá. Owó ló fi san gbèsè Àjàlá, torí Àjàlá jẹgbèsè, inú àjà ló sá pamọ́ sí fún olówó rẹ̀. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó mú ọ̀pá irin, ó ń fi í kan orí kọ̀ọ̀kan, títí ó fi rí èyí tó dún dáadáa.

Ẹ wò ó, nínú ìtàn yìí, orí tí kò jiná máa ń wà, ọwọ́ ọlọ́run-amọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń jáde. Kò sí ẹni tó ní ibi kan ló ṣe é. Ẹbọ Afùwàpẹ́ ńkọ́? Ọwọ́ èèyàn ló bọ́ sí. Ẹni kan rí iyọ̀ sọ́bẹ̀, ẹni kan bọ́ lọ́wọ́ gbèsè. Mo wá bi ara mi pé ta ni mo jẹ ní gbèsè.

Ìyá ọmọ náà ni mo jẹ. Ṣé ẹ rí i, ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún yín. Ṣáájú orí ńlá yìí, ọmọ náà mọ ère kékeré kan fún ìdánrawò, èmi ni mo ní kó fi osùn kùn ún, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó gbé e lọ sílé, ìyá rẹ̀ rí i lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, pupa yòò. Ìyá náà sanwó kí n kọ́ ọmọ òun níṣẹ́ amọ̀. Kò sọ pé kí n gbé osùn wọ ilé òun, n kò sì bi í.

Mo lọ bá a nílé. Mo ní, “Ìyá ọmọ mi, ẹ má bínú, ẹ̀bi mi ni, lórí orí tó fọ́ àti lórí osùn.” Lẹ́yìn náà ni mo ṣàlàyé pé ère kì í ṣe òrìṣà títí wọn yóò fi ṣe ètùtù tó yẹ fún un, pé igi lásán tàbí amọ̀ lásán ni títí di ìgbà náà. Mo sọ ti Bàbá Kevin Carroll, àlùfáà Kátólíìkì tó dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, tó ń fún àwọn agbẹ́gilére ní ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì gbẹ́, tí Fákẹ́yẹ sì jẹ́ mùsùlùmí. Mo sọ ti ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe ní 1964, tó wà níwájú ilé iṣẹ́ mànàmáná ní Marina, tí gbogbo èèyàn ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó ń bẹ̀rù.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èmi àti Ṣàngó Marina ò jọ ń sun ilé kan.”

Ẹ̀rín pa mí. Kí ni n óò sọ sí ìyẹn? A fẹnu kò pé kò sí osùn mọ́, àti pé ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo iṣẹ́ náà yóò máa gbé. Nígbà tí mo ń dìde lọ ni mo fi fọ́tò ère náà lórí fóònù hàn án, èyí tí a yà ṣáájú kó tó fọ́. Ó wò ó pẹ́. Ó ní irọ́ ni ìkúnlẹ̀ yẹn. Ó ti kiri ọsàn ní Mushin nígbà tó wà ní kékeré. Ó ní ẹni tó ru ẹrù kì í ju eékún méjèèjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pé eékún kan ló máa ń kọ́kọ́ kanlẹ̀, ọrùn á le gan-in, ọwọ́ kan á di ẹrù mú, èkejì á wá ilẹ̀. Ó dìde, ó sì ṣe é fún wa láàárín pálọ̀, pẹ̀lú ìrọ̀rí àga lórí. Ọmọ rẹ̀ ti gbé bírò.

A kò da èéfọ́ mọ́kànlélógójì yẹn nù. Ètò AP gbà kí ọmọ fi ohun tó bàjẹ́ hàn, bí ó bá lè fi hàn pé òun kọ́ nǹkan nínú rẹ̀, nítorí náà èéfọ́ náà wà lára fọ́tò 15 yẹn. Ó tún orí náà mọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbẹ́ inú rẹ̀ títí ara rẹ̀ kò fi nípọn ju ìka ọwọ́ lọ, ó lu ihò sí àtàrí, ó sì fi ọ̀rá bò ó kó lè gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jẹ́ kó gbẹ, òjò ń rọ̀, mi ò kánjú.

Nígbà tó jáde nínú eérú, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà nu eérú kúrò lójú rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó fi kan orí náà lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ló gbé e sún mọ́ ìyá rẹ̀ létí, ó sì tún fi kọ́kọ́rọ́ kàn án.