Láti Turin dé Padua: bí ẹ ṣe lè to ìrìn ọ̀sẹ̀ kan ní àríwá Ítálì

Bí wọ́n bá dárúkọ Ítálì, Róòmù ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn, nítorí Póòpù àti nítorí Bíbélì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ kan péré lọ́wọ́, tó sì fẹ́ rí ju ìlú kan lọ, àríwá ni mo máa ní kó kọjú sí. Láti Turin ní ìwọ̀ oòrùn títí dé Venice létí òkun, ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, odò Po ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá, ojú irin kan sì so àwọn ìlú ńlá ibẹ̀ pọ̀: Turin, Milan, Brescia, Verona, Vicenza, Padua, Venice. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 400 kìlómítà. Ọkọ̀ tó bá yá jù kì í lò tó wákàtí mẹ́rin lórí rẹ̀.

Àwọn ìlú yìí kì í ṣe olú-ìlú kan pẹ̀lú àwọn abúlé tó yí i ká. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kálukú wọn ló ń dá ìjọba ara rẹ̀ ṣe, ó ní ọmọ ogun tirẹ̀, owó tirẹ̀, ẹni mímọ́ tirẹ̀, àti ọ̀tá tirẹ̀ ní ìlú kejì. Ní 1167, àwọn kan nínú wọn mulẹ̀ láti kọjú ìjà sí Frederick Barbarossa, ọba àwọn ará Jámánì, wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀ ní Legnano ní 1176. Ẹni tó bá mọ ìtàn Èkìtì Parapọ̀ àti ogun Kírìjì yóò tètè lóye irú ìmùlẹ̀ bẹ́ẹ̀: àwọn tó ń bára wọn jà lánàá ló fìmọ̀ ṣọ̀kan, nítorí agbára kan fẹ́ gbé gbogbo wọn mì. Venice kò sìn ẹnikẹ́ni títí Napoleon fi gbà á ní 1797. Orílẹ̀-èdè Ítálì gan-an, 1861 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Turin ló sì kọ́kọ́ jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, kí ìjọba tó kó lọ sí Florence ní 1865.

Ohun tí èyí já sí fún arìnrìn-àjò ni pé ìlú kọ̀ọ̀kan kọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ìlú mìíràn láyé. Ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tirẹ̀, ààfin tirẹ̀, gbàgede tirẹ̀. Ẹ ò lè fi wákàtí méjì wo irú ìlú bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ sì sọ pé ẹ ti dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ ètò ìlú méje ní ọjọ́ mẹ́fà. Àwòrán ló máa ń kún inú fóònù ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ kì í rí nǹkan kan dáadáa.

Ibùsùn méjì tó. Ẹ sun oorun mẹ́ta ní Turin, kẹ́ ẹ sun mẹ́rin ní Padua. Láti Turin, Milan kò ju nǹkan bí wákàtí kan lọ. Láti Padua, Venice jẹ́ nǹkan bí àbọ̀ wákàtí, Vicenza kò tó bẹ́ẹ̀, Verona náà kò sì jìnnà. Ẹ ó máa jáde láàárọ̀ pẹ̀lú báàgì kékeré, ẹ ó sì padà sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Owó ilé ìtura ní Padua sábà máa ń kéré sí ti Venice dáadáa. Bí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, ẹ wọlé láti Turin tàbí Milan, kẹ́ ẹ jáde láti Venice, kẹ́ ẹ má baà tún padà sẹ́yìn lórí ojú irin tẹ́ ẹ ti gbà kọjá.

Tíkẹ́ẹ̀tì méjì tó ń pàṣẹ fún gbogbo ètò

Kí ẹ tó sanwó òtẹ́ẹ̀lì, ẹ wá àyè ní ibi méjì: Ṣápẹ́ẹ̀lì Scrovegni ní Padua, àti yàrá tí àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn tí Leonardo da Vinci yà wà ní Milan. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n ń fún èèyàn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà láìtíì gba àyè sílẹ̀ máa ń padà lófìfo lọ́pọ̀ ìgbà.

Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe fújà. Ara ògiri ni àwọn àwòrán náà wà, èémí wa sì ń pa wọ́n lára. Nígbà tí Giotto, ayàwòrán tó kùn ògiri Ṣápẹ́ẹ̀lì Scrovegni, ń ṣiṣẹ́ ní Padua ní nǹkan bí 1303 sí 1305, ẹfun àti yanrìn ni wọ́n fi ń rẹ́ ògiri, díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀nba tí ọwọ́ lè kùn lóòjọ́. Kí ibi tí wọ́n rẹ́ tó gbẹ ló ti ń kùn ún, tó fi jẹ́ pé bí ó ṣe ń gbẹ ni ọ̀dà náà ń di ara ògiri. Ìdí rẹ̀ tí ó fi lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún méje nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọ̀ aró tó bo àjà ṣápẹ́ẹ̀lì náà, èyí tí ìràwọ̀ wúrà kún inú rẹ̀, yàtọ̀. Láti ara òkúta ni wọ́n ti lọ̀ ọ́, lẹ́yìn tí ògiri ti gbẹ ni wọ́n sì tó fi kùn ún, nítorí náà kò di ògiri mú tó ìyókù. Bí èèyàn rẹpẹtẹ bá ń mí sínú ilé kékeré bẹ́ẹ̀, ọ̀rinrin á bà lé ògiri, á fa iyọ̀ inú rẹ̀ jáde, ọ̀dà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Eruku ara bàtà àti aṣọ náà ń ṣe tirẹ̀.

Nítorí náà, àwọn tó bá fẹ́ wọlé á kọ́kọ́ jókòó sínú yàrá onígíláàsì kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, kí afẹ́fẹ́ ara wọn tó bá ti inú ilé dọ́gba. Ilẹ̀kùn kan á tì kí èkejì tó ṣí. Mo fẹ́ràn ìjókòó yẹn. Ara èèyàn á ti rọlẹ̀ kó tó wọlé, ojú rẹ̀ á sì ti ṣe tán láti wò.

Ẹni tó kọ́lé náà ní ìtàn tirẹ̀. Enrico Scrovegni ni orúkọ rẹ̀. Sogúndogójì ni Reginaldo bàbá rẹ̀, olówó èlé tí òkìkí rẹ̀ burú débi pé akéwì Dante fi í sí ọ̀run àpáàdì nínú ìwé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ètùtù lọ́dọ̀ Ọlọ́run wà lára ohun tí ọmọ fi owó náà wá.

Ti Leonardo ní Milan, òdìkejì iṣẹ́ Giotto ni. Láàárín 1495 àti 1498 ló yà á sára ògiri yàrá oúnjẹ àwọn ọkùnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Dominic. Kò fẹ́ kánjú, ó fẹ́ máa padà tún un ṣe, nítorí náà orí ògiri gbígbẹ ló kùn ún sí. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ní oṣù kẹjọ 1943, bọ́ǹbù wó òrùlé yàrá náà àti ọ̀kan nínú ògiri rẹ̀. Àpò yanrìn tí wọ́n ti tò síwájú àwòrán ni kò jẹ́ kí ó bá a lọ. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ní 1978, kò parí títí di 1999. Wọn kì í ṣí ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, oṣù mélòó kan lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n sì ń ṣí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ fún títà. Ọjọ́ tí ẹ bá rí gbà ni kí ẹ fi Milan sí.

Turin

Ọ̀pọ̀ ń sáré kọjá ní Turin nítorí wọ́n rò pé ìlú bọ́ọ̀lù Juventus àti mọ́tò Fiat lásán ni. Àṣìṣe ńlá nìyẹn, pàápàá fún ọmọ Áfíríkà. Ní 1824, ọba Carlo Felice ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí Bernardino Drovetti, aṣojú ìjọba Faransé ní Íjíbítì, kó jọ, ó sì fi dá Museo Egizio sílẹ̀, mùsíọ́ọ̀mù tó pẹ́ jù lọ nínú àwọn tó dúró lórí Íjíbítì nìkan. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má fi gbogbo agbára yín ṣòfò sórí àwọn ère ọba. Ẹ wá yàrá Kha àti Merit. Tọkọtaya ni wọ́n. Kha jẹ́ ọ̀gá lórí àwọn tó ń gbẹ́ ibojì ọba. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Ernesto Schiaparelli rí ibojì wọn ní 1906, olè kò tíì wọ ibẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀dì wọn wà níbẹ̀, aṣọ wọn wà níbẹ̀, búrẹ́dì wà níbẹ̀. Wíìgì Merit náà wà níbẹ̀, irun tí wọ́n fara balẹ̀ dì, pẹ̀lú àpótí tó ń kó o sí. Ó ti lé ní 3,300 ọdún. Obìnrin tó bá ti jókòó sọ́dọ̀ onídìrí rí máa dúró síwájú gíláàsì yẹn pẹ́.

Ní ti aṣọ ìsìnkú tí àwọn kan gbà pé òun ni wọ́n fi wé Jésù, inú kàtídírà Turin ló wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú àpótí títì ni. Ní 2015 ni wọ́n tẹ́ ẹ fún gbogbo èèyàn wò gbẹ̀yìn. Àyẹ̀wò káábọ̀nù tí wọ́n ṣe ní 1988 fi hàn pé láàárín 1260 àti 1390 ni wọ́n hun ún. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà níbẹ̀, àyè wà. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí aṣọ náà, kó má tìtorí rẹ̀ lọ. Kí ẹ tó kúrò nílùú, ẹ gun Mole Antonelliana, ilé onígóńgó tó ga ní 167 mítà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ bíi sínágọ́gù ní 1863, tó wá di mùsíọ́ọ̀mù sinimá. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹ ó rí òkè Alps tí yìnyín bò.

Ojú irin àti físà

Oríṣi ọkọ̀ méjì ló wà. Àwọn tó ń sáré, Frecciarossa àti Italo, owó wọn ń gòkè bí ọjọ́ ìrìn bá ti ń sún mọ́lé. Ẹ tètè rà á. Àwọn tó ń dúró ní ìlú kéékèèké, iye kan náà ni wọ́n ń gbà nígbàkígbà, ẹ lè rà á láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé ti ọkọ̀ kéékèèké yìí, ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ tó wà ní ibùdókọ̀ lù ú lóǹtẹ̀ kí ẹ tó wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó san owó ìtanràn. Lójú pátákó, Torino, Milano, Padova àti Venezia lẹ máa rí. Ní Venice, Santa Lucia ni kí ẹ ti sọ̀kalẹ̀. Mestre ṣì wà lórí ilẹ̀, ìlú orí omi kọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá gbọ́ "sciopero", ìyanṣẹ́lódì ni. Lọ́jọ́ iṣẹ́, òfin ní kí àwọn ọkọ̀ kéékèèké kan máa rìn láti aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀, àti láti mẹ́fà sí mẹ́sàn-án alẹ́.

Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà Schengen, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé London ló ń gbé. Láti oṣù kẹfà 2024, 90 yúrò ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà. Iye owó tí ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò tẹ́ ẹ bá rà lè san kò gbọdọ̀ dín ní 30,000 yúrò. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn ni wọ́n ti ń gba ìwé, ó kéré tán ọjọ́ 15 ṣáájú; ṣùgbọ́n ìdáhùn lè tó ọjọ́ 45, nítorí náà ẹ má dúró dìgbà tó bá ku oṣù kan. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Bírítéènì kò nílò físà fún ìrìn kúkúrú, àmọ́ láti oṣù kẹwàá 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìtẹ̀ka àti àwòrán ojú irú wọn ní ẹnubodè, ìlà sì lè gùn.

Padua, àti Venice láti Padua

Yunifásítì Padua ti wà láti 1222. Galileo kọ́ni níbẹ̀ láti 1592 sí 1610, ìlú yìí ló sì wà nígbà tó rí òṣùpá mẹ́rin tó ń yí Júpítà ká. Ní Palazzo Bo, ilé àtijọ́ yunifásítì náà, wọ́n á mú yín dé yàrá tí wọ́n kọ́ ní 1595 fún títú òkú wò. Ìsàlẹ̀ ni àlejò ń dúró sí, ibi tí wọ́n ń gbé òkú sí, ẹ ó sì gbójú sókè. Pákó ni gbogbo rẹ̀, ìpele mẹ́fà, ó rí bí ẹyin, ó há gádígádí. Kò sí àga. Orí ìdúró ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà, àyà wọn lára ìdábùú pákó. William Harvey, tó ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yípo nínú ara, gboyè níbí ní 1602. Nínú ilé yìí kan náà ni ère Elena Cornaro Piscopia wà. Ó fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run, bíṣọ́ọ̀bù ní obìnrin ò lè gbà á. Ó gbà á nínú ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní 1678, obìnrin àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì.

Àwọn Kátólíìkì wa kò ní fẹ́ kúrò ní Padua láìdé ibojì Áńtónì Mímọ́, ẹni tí wọ́n ń ké pè bí nǹkan bá sọnù. Ọmọ Lisbon ni, ó kú ní 1231. Ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ni àjọ̀dún rẹ̀, ilé ìtura á sì kún fọ́fọ́.

Láti 2024, Venice ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá wọlé láìsùn níbẹ̀, láwọn ọjọ́ kan tí èrò ń pọ̀. Ní 2025, ó jẹ́ 5 yúrò fún ẹni tó tètè san án, 10 yúrò fún ẹni tó pẹ́. Ẹni tó sùn ní Padua náà wà nínú rẹ̀. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbà á. Bí ẹ bá wọlé lẹ́yìn mẹ́rin, ẹ ò san nǹkan kan, èrò náà á sì ti dín kù. Bí ó bá jẹ́ àsìkò Biennale, àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá ìlú náà, ni, ẹ fún un ní odidi ọjọ́ kan. Ibẹ̀ ni Nàìjíríà ti kọ́kọ́ ní àyè tirẹ̀ ní 2017, tí iṣẹ́ Peju Alatise wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti fún Demas Nwoko ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní 2023, ẹni tó ya àwòrán ilé ìjọsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn.

Bí ọjọ́ kan bá ṣẹ́ kù, èmi á lò ó fún Bergamo, nǹkan bí wákàtí kan sí Milan. Ọkọ̀ kékeré onírin tí wọ́n ń fi wáyà fà ló ń gbé èèyàn gòkè lọ sí ìlú àtijọ́, tí odi tí àwọn ará Venice mọ yí i ká. Ìlú Atalanta ni, ẹgbẹ́ tí Ademola Lookman gbá góòlù mẹ́ta wọlé fún nínú àṣekágbá Europa League ní oṣù karùn-ún 2024.