Elizabeth: Ìtumọ̀ Rẹ̀, Ìlò Rẹ̀ àti Àwọn Ọjọ́ Rẹ̀

Èdè Hébérù ni orúkọ Elizabeth ti ṣẹ̀ wá, ohun tó sì dúró fún ni pé Ọlọ́run ni ẹni tó ń jẹ́ ẹ fi ń búra. Ìyá Jòhánù Onítẹ̀bọmi ló jẹ́ kí àwọn Kristẹni mọ̀ ọ́n káàkiri, ìjọba Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, láti 1558 sí 1603, ló sì sọ ọ́ di orúkọ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé. Elisabeti ni Bíbélì Yorùbá pè é. Eliza, Lizzy, Betty àti Bessie ni ìkékúrú rẹ̀.

Ní Ìbàdàn, orúkọ yìí ju orúkọ ènìyàn lọ. Òun ni wọ́n fi sọ òpópónà Queen Elizabeth tí ilé ìwòsàn UCH wà, òun náà ni wọ́n sì fi sọ ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí wọ́n sábà máa ń pè ní Queens. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, tó bẹ Nàìjíríà wò láti 28 Oṣù Kìíní sí 16 Oṣù Kejì ọdún 1956, tó sì dé Ìbàdàn nínú ìrìn àjò náà, ni wọ́n fi méjèèjì yẹ́ sí. Àlejò tó bá ń ti Challenge tàbí Ring Road lọ sí òpópónà náà yóò tètè débi tó ń lọ bí ó bá dárúkọ UCH tàbí Oríta Mẹ́fà fún ọlọ́kọ̀, nítorí ara àpòòwé lẹ́tà ni orúkọ ọbabìnrin ti wúlò jù. Bí a bá sì ń sọ ti ẹni tó jẹ́ orúkọ náà tó sì ṣiṣẹ́ fún ìlú, Elizabeth Adekogbe ló yẹ ká kọ́kọ́ rántí, ẹni tó dá ẹgbẹ́ Women's Movement sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1952, tí ẹgbẹ́ náà sì jà fún ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin láti dìbò.

Fún ìdílé tó bá fẹ́ ṣe ọjọ́ orúkọ fún ọmọ, ìyẹn ọjọ́ ẹni mímọ́ tó jẹ́ orúkọ náà, kàlẹ́ńdà ìjọ Kátólíìkì ní ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ kí a ṣọ́ra fún kàlẹ́ńdà àtijọ́, nítorí àtúnṣe ọdún 1969 yí púpọ̀ nínú wọn padà. 4 Oṣù Kìíní ni ti Elizabeth Ann Seton ti Amẹ́ríkà, tó kú ní 1821, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́ ní 1975. 31 Oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń rántí bí Màríà ṣe lọ kí Elisabeti, èyí tó ti máa ń bọ́ sí 2 Oṣù Keje tẹ́lẹ̀. 4 Oṣù Keje ni ti Elizabeth ti Portugal, tó kú ní 1336. 8 Oṣù Keje ni ìwé àtijọ́ kọ. Ìyá Jòhánù fúnra rẹ̀ ní 5 Oṣù Kọkànlá nínú ìwé àtijọ́, àmọ́ 23 Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n fi sí nínú ìwé tuntun. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ti Elizabeth ti Hungary, ọmọ ọba tó máa ń fún tálákà ní búrẹ́dì, tó kú ní 1231 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 24, tí àwọn aṣebúrẹ́dì sì fi ṣe alágbàwí wọn. 19 Oṣù Kọkànlá ni tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti di 17 báyìí. Ọjọ́ 17 yìí kan náà ni Elizabeth Kìíní gorí ìtẹ́ ní 1558, ọjọ́ náà sì ni Yunifásítì Ìbàdàn fi ń ṣe ìrántí ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní 1948 lọ́dọọdún, nítorí náà kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ayẹyẹ ní agbègbè Agbowó, nítòsí yunifásítì náà, lọ́jọ́ náà tètè wá àyè.

Ibi tí orúkọ yìí ti ń náni lówó ni inú ìwé. Yorùbá kò ní z, àwọn kan a sì kọ Elisabeth, àmọ́ lójú kọ̀ǹpútà, ènìyàn méjì ni Elizabeth àti Elisabeth, bí èyí tó wà nínú ìwé ìbí bá sì yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, ìwé ìrìnnà kò ní í ṣeé gbà. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe yóò lọ búra ní kóòtù, irú èyí tó wà ní Ìyágankú, yóò polówó ìyípadà náà nínú ìwé ìròyìn, yóò sì tún san owó àtúnṣe fún àjọ NIMC tó ń fúnni ní nọ́ńbà náà. Ó dára kí ìdílé fẹnu kò lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, kí wọ́n fi orúkọ Yorùbá ṣíwájú, bí Olúwadámilóhùn, tó bá ìtàn Elisabeti tó bímọ lọ́jọ́ alẹ́ mu, kí orúkọ òyìnbó má sì ju ẹyọ kan lọ, nítorí bí orúkọ bá ṣe pọ̀ tó ni àṣìkọ yóò ṣe pọ̀ tó. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ ìbí láàárín 60 ọjọ́. Kí bàbá tàbí ìyá kọ orúkọ náà sórí ìwé fún akọ̀wé, kí wọ́n má ṣe pè é fún un lẹ́nu. Ẹni tó bá sì ti polówó ìyípadà, odindi ojú ìwé ìròyìn náà, tí ọjọ́ rẹ̀ hàn ketekete, ni kó tọ́jú, kì í ṣe kó gé ìpolówó nìkan.