Àwọn Olùṣọ́ Ìràwọ̀ Tuntun

Lójú ẹni tí ó bá gbójú sókè ní òru tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, ohun tí kì í yí padà ni ìràwọ̀. Bí baba ńlá ẹni ti bá wọn ni ọmọ ọmọ ẹni yóò bá wọn. Síbẹ̀, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìràwọ̀ kan a dédé yọ ní ibi tí ojú lásán kò ti rí ohunkóhun ní àná. A tàn fún ọjọ́ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà a sì tún pòórá. Nova ni àwọn onímọ̀ ń pe irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀. Èdè Látìnì ni, “tuntun” sì ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ní tòótọ́, ìràwọ̀ náà kì í ṣe tuntun rárá. Ìràwọ̀ méjì ni ó ń yí ara wọn po. Ọ̀kan ti gbó, ó sì ti sún kì, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi tóbi ju ayé wa yìí lọ títí, bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè wúwo tó oòrùn. Èkejì tóbi jù ú lọ fíìfíì. Èyí tí ó ki náà a máa fa afẹ́fẹ́ háídírójìn láti ara èkejì rẹ̀, a sì máa kó o jọ díẹ̀díẹ̀ sí ara tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ẹrù yìí bá pọ̀ tó, tí ooru abẹ́ rẹ̀ sì dé góńgó, yóò gbiná lójijì, yóò sì bú gbàmù. Ìràwọ̀ náà kì í tìtorí èyí run. Yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹrù mìíràn jọ.

Ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú wọn ni T Coronae Borealis. Ó wà nínú agbo ìràwọ̀ tí a ń pè ní Adé Àríwá, èyí tí a lè rí láti ilẹ̀ Yorùbá ní òru oṣù Kẹfà bí ìkùukùu òjò kò bá bò ó. Ní òru ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1866, John Birmingham ń ti ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ̀ nítòsí ìlú Tuam, ní ilẹ̀ Áyálándì, nígbà tí ó rí ìràwọ̀ àjèjì kan nínú Adé náà. Ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú, Julius Schmidt ti wo ibẹ̀ láti ìlú Áténì, kò sì rí i. Kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i mọ́. Ìràwọ̀ náà tún bú ní oṣù Kejì ọdún 1946.

Ta ni yóò máa ṣọ́ ohun tí ó ń yára tó báyìí? Àwọn awò ńláńlá tí a fi ń wo ọ̀run kò pọ̀, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́rùn àwọn tí ń lò wọ́n. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Nítorí náà ni àwọn tí wíwo ìràwọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn ṣe wúlò. Ní ọdún 1911, agbẹjọ́rò kan ní Amẹ́ríkà, William Tyler Olcott, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún irú wọn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ bá ẹni tí ń ṣọ́nà ní ibì kan, òru ṣì wà fún ẹlòmíràn ní ibòmíràn.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọn ìmọ́lẹ̀ náà kò ṣòro. Láti ayé àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni a ti ń pín ìràwọ̀ sí ìpele. Àwọn tí ó tàn jù wà ní ìpele kìíní. Àwọn tí ojú lásán ń fi agbára káká rí wà ní ìpele kẹfà. Ti ìpele kìíní tàn ju ti ìpele kẹfà lọ ní ìlọ́po 100. Olùṣọ́ yóò mú àwòrán ojú ọ̀run tí a kọ ìpele àwọn ìràwọ̀ tí kì í yí padà sí. Yóò wá ọ̀kan tí ó tàn ju nova náà lọ díẹ̀, àti ọ̀kan tí kò tàn tó o. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 4.0, tí ti èkejì jẹ́ 4.8, tí nova sì wà ní agbedeméjì wọn gẹ́lẹ́, 4.4 ni yóò kọ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Lóde òní, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo kámẹ́rà, ṣùgbọ́n fífi ìràwọ̀ wé ìràwọ̀ náà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí ó ṣòro níbẹ̀ ni òtítọ́. Olùṣọ́ kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ ìràwọ̀ pupa pẹ́ jù, nítorí bí ó bá ti ń pẹ́ ni yóò máa tàn sí i lójú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ wo ohun tí ó kọ ní àná kí ó tó kọ ti òní. Bí kò bá sì rí ìràwọ̀ náà rárá, kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó sì sọ ìpele ìràwọ̀ tí ó ṣókùnkùn jù lọ nínú àwọn tí ó rí. Nígbà tí a bá to àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀, ìlà kan yóò hàn tí ó gòkè lójijì tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Láti ara rẹ̀ ni a ti ń mọ bí ìbúgbàmù náà ti rí.

Kò sí ẹni tí ìtàn rẹ̀ fi iṣẹ́ yìí hàn bí ti Leslie Peltier, ọmọ àgbẹ̀ kan ní ìlú Delphos, ní Ohio, tí ó fi owó iṣẹ́ èso kíká ra awò rẹ̀ àkọ́kọ́. Láti ọdún 1918 títí ó fi kú ní ọdún 1980 ni ó ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ náà. Ó ṣọ́ T Coronae Borealis fún ọdún tí ó lé ní 25. Ní òru kan ní oṣù Kejì ọdún 1946, ó jí láti wo ọ̀run, ṣùgbọ́n òtútù fẹ́ mú un, ó sì padà sí orí ibùsùn. Òru náà gan-an ni ìràwọ̀ náà bú. Àwọn ẹlòmíràn ni ó rí i.

Ẹnikẹ́ni lè sọ pé iṣẹ́ ọdún 25 ti ṣòfò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ àwọn òru tí ó dàbí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀, ti Peltier àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ni a fi mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà kọ́kọ́ dín kù ní nǹkan bí ọdún kan kí ó tó bú. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tún dín kù ní ọdún 2023, àkọsílẹ̀ àtijọ́ yẹn ni ó mú kí àwọn olùṣọ́ káàkiri ayé tún bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú sí Adé Àríwá lóròòru. Ẹni tí ó bá fi òtítọ́ kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, ìbáà ṣe ohun kékeré, kò ṣiṣẹ́ lásán.