Ilé Tí Ń Rìn: Láti Ìgàndò Dé Etí Adágún Kainji

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ẹ ó ti rí àwòrán ọkọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Kánádà máa ń wà lọ sí aginjù ìhà àríwá ilẹ̀ wọn nígbà tí ooru bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, èyí tí bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀. A kò ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, èmi àti ọkọ mi yọ àga ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì wa, a tẹ́ tìmùtìmù síbẹ̀, a sì kó àwọn ọmọ wa méjèèjì láti Ìgàndò lọ sí New Bussa.

Àgbàlá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Ìlọrin ni a sùn lóru àkọ́kọ́. Wọ́n fún wa ní yàrá, àwọn ọmọ kọ̀ jálẹ̀. Inú “ilé” wọn ni wọ́n fẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí a ti sọdá odò Ọya ní Jẹ́bà, àbúrò, ọmọ ọdún méjì, bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Kò pẹ́, ìgbẹ́ gbuuru dé. Ẹ̀bi mi ni. Ìrẹsì tí mo sè ní Ìgàndò ní ìdájí àná ni mo kó sínú kúlà, tí a ṣì ń jẹ. Èmi tí mo ń fi ìtọ́jú ilé kọ́ ọmọ ẹlòmíràn! Kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ìrẹsì tí sísè kì í pa tán. Bí oúnjẹ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí púpọ̀, yóò jí, yóò sì da oró sínú rẹ̀. Bí a tilẹ̀ tún un gbé kaná, oró náà lè má kúrò.

Mo po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba, àti iyọ̀ ìlàjì ṣíbí náà, mọ́ omi sísè tí ó ti tutù, lítà kan. Mo ń fún un mu díẹ̀díẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ti jìn, tàbí kí ó máa sunkún láìsí omijé, ilé ìwòsàn ni à bá yà sí kíákíá.

Koríko Borgu ga ju àgbàlagbà lọ lákòókò náà, a kò sì rí erinmi kan. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹranko máa ń wá sí etí odò Oli. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé etí adágún tí ó bo Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀ ní 1968, ọmọ náà ti ń bèèrè ẹja.

Lónìí, agbébọn ti ba ọ̀nà Borgu jẹ́. N kò ní rán ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ó ṣì lọ sí ìlú ọkọ yín. Gààrì, ẹ̀pà àti kúlíkúlì ni kí ẹ dì. Ìrẹsì, ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ tán láàárín wákàtí méjì. Bí ẹ bá gbé sítóòfù, ìta ni kí ẹ ti tan án, àní bí òjò bá ń rọ̀: afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn lè pa gbogbo ẹni tí ó sùn sínú ọkọ̀.