Ẹ̀kọ́ Nìkan Kọ́ Ló Ń Tún Ilé Iṣẹ́ Ṣe

Ní 1982, General Motors ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ pa ní Fremont, ní California. Òṣìṣẹ́ ń pa iṣẹ́ jẹ níbẹ̀, àwọn mìíràn ń mutí lẹ́nu iṣẹ́, ọkọ̀ tó ń jáde sì kún fún àbùkù. Nígbà tó di 1984, GM àti Toyota jọ ṣí i padà, wọ́n pè é ní NUMMI. Àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n gbà. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Japan dọ́gba.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Toyota kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún lára wọn lọ sí Japan láti lọ kọ́ ọ̀nà ìṣiṣẹ́ tí ayé wá mọ̀ sí lean. Ohun tó dá lé ni pé ohunkóhun tí oníbàárà ò ní torí ẹ̀ sanwó, òfò ni: ìdúró lásán, ìrìn àrìnjù, ẹrù tó kó jọ, iṣẹ́ tí a ní láti tún ṣe.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ń kọ́ni. Amẹ́ríkà gan-an ló ṣe ìlànà yìí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kí Japan tó gbà á lẹ́yìn ogun. Ká ní dídi bóòtù ìjókòó ọkọ̀ ni iṣẹ́ náà. Olùkọ́ á kọ́kọ́ fi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kàn balẹ̀, á bi í ní ohun tó ti mọ̀. Lẹ́yìn náà, á ṣe é lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì sọ ìdí: ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń yí bóòtù wọlé kí ẹ̀rọ tó dì í, torí bó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, á ba ihò jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà á wá ṣe é, á máa fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé. Ní ìkẹyìn, wọ́n á fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á máa yà wò ó.

Okùn kan tún wà lókè ìlà iṣẹ́. Ẹni tó bá rí àbùkù á fà á, iná á tàn, aṣáájú ẹgbẹ́ á sáré dé. Bí wọn ò bá tètè rí i tún ṣe, ìlà á dúró. Èèwọ̀ pátápátá ni dídá ìlà dúró láyé GM àtijọ́.

GM gbé ọ̀nà yìí lọ sí ilé iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn ní Van Nuys, ní California kan náà, wọ́n sì kọ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò múlẹ̀, torí iye ọkọ̀ tó jáde lójúmọ́ ṣì ni àwọn ọ̀gá ń kà. Wọ́n ti ibẹ̀ pa ní 1992.

Nítorí náà, ọ̀gá tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ wọlé, kó má wo ìwé ìdánwò. Kó lọ sí ẹnu iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù kan: ṣé òṣìṣẹ́ ṣì ń fọwọ́ yí bóòtù, ṣé ó lè sọ ìdí rẹ̀? Kó sì béèrè iye ìgbà tí wọ́n fa okùn àti ẹni tó dá wọn lóhùn. Bí okùn bá wà tí ẹnikẹ́ni ò fà á rí, kì í ṣe pé àbùkù ti tán. Ẹ̀rù ló ń ba àwọn òṣìṣẹ́.